Okoye, ẹni tó gbọ́ ohun tó ń ṣẹ́jú lójú ọ̀run

Ẹ bi ọ̀dọ́ mẹ́wàá lórí Facebook pé ta ni Samuel Okoye. Bóyá wọ́n á ní agbábọ́ọ̀lù ni. Ó ń dùn mí jọjọ.

Ọmọ Amawbia ni, ní ìpínlẹ̀ Anambra, wọ́n sì bí i lọ́dún 1939. Ìbàdàn ló ti kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, kó tó lọ sọ́dọ̀ Antony Hewish ní Cambridge. Òun ni aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gboyè dókítà nínú fífi rédíò ṣèwádìí ojú ọ̀run.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Níbí ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin tí mo ti ń kọ èyí, tí wọ́n bá mú iná lọ lóru ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ gbójú sókè. Ìràwọ̀ á máa ṣẹ́jú. Tí àgùàlà bá yọ, òun kì í ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ jìnnà, ó dà bí orí abẹ́rẹ́ lójú wa, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó láti mi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Àgùàlà sún mọ́ wa, ó fẹ̀ jù ú lọ.

Ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n lò, àmọ́ ìgbì rédíò ni tiwọn. Àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan wà tí àárín wọn ń tú agbára ńlá jáde. Irú kan, ìgbì rẹ̀ fọ́n káàkiri bí èéfín. Irú kejì, bíi ọ̀pọ̀ quasar, ojú ibi kékeré kan ni tirẹ̀ ti ń jáde. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti ara oòrùn máa ń mú kí ti ohun kékeré ṣẹ́jú, ti ohun ńlá ò ní ṣẹ́jú. Bí wọ́n ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn. Èmi tí mo ka òfin gbádùn rẹ̀ gan-an: ẹ̀rí ni wọ́n fi dájọ́.

Ni Okoye àti Hewish bá yẹ Crab Nebula wò, àwókù ìràwọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà rí nígbà tó bú gbàmù lọ́dún 1054. Ohun fífẹ̀ ni, kò yẹ kó ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú! Nǹkan kékeré alágbára kan fara pamọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 1965. Ní 1968 làwọn mìíràn tó rí i pé pulsar ni, òkú ìràwọ̀ tó ń yí nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Hewish gba ẹ̀bùn Nobel ní 1974, nítorí iṣẹ́ pulsar. Kò sí màgòmágó níbẹ̀, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pe àgùàlà ní ajá oṣù, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń to Okoye sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn tí wọ́n bá tiẹ̀ rántí ẹ rárá. Kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ ò sí lẹ́nu àwọn ọmọ SS3 wa?

Ní 1972, ọdún méjì péré lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ó dá ibùdó ìwádìí òfurufú sílẹ̀ ní Fásitì Nsukka. Òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jókòó ti iṣẹ́ yẹn, wọ́n ń fi ìwọ̀n quasar wé ti àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ onírédíò yòókù. Ó kú ní oṣù November 2009. Àwọn ará Nsukka ṣì ń kọ̀wé lórí quasar.