George Stephenson àti Ojú Irin

Ẹ gbé àwòrán ayé tí ó rí roboto bí ọsàn sórí tábìlì. Ẹ wá Kútọnú lórí rẹ̀, ní etí òkun. Ẹ fi ìka lé e. Ẹ fa ìka yín lọ sókè tààrà. Ẹ ó kọjá nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹ ó la òkun kan kọjá. Ẹ ó dé ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ tún lọ sókè díẹ̀, kí ẹ yà sí apá òsì. Ẹ ti dé erékùṣù kan tí omi yí ká. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí George Stephenson sí.

Ọdún 1781 ni wọ́n bí i, ní abúlé Wylam. Àwọn ará ibẹ̀ ń wa èédú nínú ilẹ̀. Ibi èédú ni bàbá George ń ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ kò tó láti rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. George da màlúù nígbà tí ó kéré. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, òun náà lọ ṣiṣẹ́ ní ibi èédú.

George mọ ẹ̀rọ dáadáa. Ó lè tú u, kí ó sì tún un tò. Ṣùgbọ́n ó tó ọmọ ọdún 17, kò tíì mọ ìwé kà. Kò tijú. Bí iṣẹ́ bá parí ní alẹ́, ó ń lọ kọ́ ìwé. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi ń san owó ìwé náà.

Ó gbé ìyàwó, wọ́n sì bí Robert. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Robert ṣì kéré. George ń tún bàtà ṣe, ó ń tún aago ṣe, kí Robert lè lọ sí ilé ìwé.

Ní ìgbà náà, ẹṣin ni ó ń fa kẹ̀kẹ́ èédú. Ó máa ń rẹ ẹṣin. Bí omi bá hó nínú ìkòkò, ooru rẹ̀ a máa gbé ọmọrí sókè. Irú agbára yìí lè yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú George. Ní ọdún 1814, òun náà ṣe ọkọ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 1825, ojú irin tí ó là gbé èédú dé ìlú Stockton, ní etí odò.

Lẹ́yìn náà, ó la ojú irin láti Liverpool dé Manchester. Liverpool wà ní etí òkun. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń já òwú sí. Manchester ni wọ́n ti ń fi òwú náà hun aṣọ. Ọ̀nà náà tó kìlómítà 50.

Àbàtà ńlá kan wà lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀, rírì ni ó ń rì. Àwọn ènìyàn ní kò lè ṣeé ṣe. George kò dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń da igi wẹ́wẹ́ àti koríko sí i. Nígbà tí ó yá, kò rì mọ́. Wọ́n tẹ́ irin lé e lórí. Ní ọdún 1830, ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ láìséwu.

George kú ní ọdún 1848. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti Kútọnú lọ, ó gba Ṣàbẹ́ kọjá, ó sì dé Paraku. Ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ni ó ṣe iṣẹ́ líle náà.

Ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé, kí ó má ṣe tijú. Kí ó ṣáà bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni George ń ṣe nígbà tí ó kéré?
2. Báwo ni wọ́n ṣe la àbàtà náà kọjá?
3. Ẹ fi ìka yín hàn wá lórí àwòrán ayé: níbo ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà? Níbo ni ilẹ̀ wa wà?