Tíṣà Stakman àti Ìpáàrà Ara Ọkà

Bí a bá ti pé jọ báyìí, àwọn tó di dókítà, adájọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n nínú wa là ń kà. Àwọn tó kọ́ wọn ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ ìtàn tíṣà kan fún yín lọ́dún yìí. Kì í ṣe ọmọ Èkìtì, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kan oko wa ní Òkè-Ìlá.

Elvin Charles Stakman ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1885 ni wọ́n bí i ní ìlú Algoma, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà. Ó gboyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Minnesota lọ́dún 1906, ó lọ ṣe tíṣà ilé-ìwé girama, kó tó padà síbẹ̀ lọ kọ́ nípa àrùn ohun ọ̀gbìn. Lọ́dún 1913 ló gboyè ọ̀mọ̀wé.

Ìpáàrà ara àlìkámà ló gbájú mọ́. Ẹ mọ èébu tó máa ń hù lórí ẹ̀kọ tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ sì mọ olú inú igbó. Ẹbí wọn ni àrùn yìí. Á bo igi ọkà bí ìgbà tí irin bá dógùn-ún, á máa fa oúnjẹ inú rẹ̀ mu, ọmọ ọkà á sì gbẹ dànù. Lọ́dún 1916, àlìkámà tí ìpáàrà bàjẹ́ l'Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 5. Àárín Ogun Àgbáyé Kìíní nìyẹn o!

Stakman ò jókòó sí ọ́fíìsì. Igi kékeré kan wà tó ń jẹ́ barberry, ibẹ̀ ni àrùn náà ti ń gbèrú kó tó bọ́ sórí àlìkámà. Láti ọdún 1918, ó wà lára àwọn aṣáájú tó ní kí wọ́n hú u dànù káàkiri. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi bàlúù gbé gíláàsì tí wọ́n fi faselíìnì pa lọ sókè, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 10,000. Eruku tí àrùn náà fi ń bí sí i lẹ̀ mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri!

Èyí tó ga jù ni pé ó fi hàn pé ìpáàrà ò rí bákan náà. Oríṣi àlìkámà 12 ni wọ́n fi ń dán an wò. Bí olè tó ní kọ́kọ́rọ́ ló rí: ilẹ̀kùn kan á ṣí fún un, òmíràn á kọ̀. Ìdí nìyẹn tí irúgbìn tí wọ́n ní àrùn ò lè mú fi máa ń ṣubú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìpáàrà tuntun ti dé nìyẹn. Irú èyí tí wọ́n pè ní 15B ló tàn ká Amẹ́ríkà lọ́dún 1950.

Ọdún 1950 kan náà ni ìpáàrà mìíràn, ti àgbàdo, wọ Nàìjíríà. Lọ́dún 1949 ni wọ́n ti rí i ní Sierra Leone. Wọ́n dá ẹ̀ka ìwádìí kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ní Moor Plantation n'Ìbàdàn. Lára irúgbìn láti àwọn ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà, níbi tí àgbàdo àti àrùn náà ti jọ gbé pẹ́, ni wọ́n ti rí èyí tó lè kojú rẹ̀.

Ẹ padà wá sí ọ̀rọ̀ tíṣà. Ní nǹkan bí ọdún 1937, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ nípa igbó ọba ní Minnesota lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Stakman lórí ìpáàrà. Nígbà tí iṣẹ́ tó ń retí bọ́, ọ̀dọ̀ Stakman ló lọ. Norman Borlaug nìyẹn. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1942, ó lọ sí Mexico lọ́dún 1944, àlìkámà tó mú jáde níbẹ̀ sì bọ́ Mexico, Íńdíà àti Pakistan. Lọ́dún 1970 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Tíṣà rẹ̀ ṣì wà láyé, ẹni ọdún 85.

Stakman fẹ̀yìntì lọ́dún 1953, ó kú lọ́dún 1979. Borlaug ni gbogbo ayé mọ̀. Mélòó ló mọ Stakman?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìpáàrà ò tíì dẹ́kun àtipààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, nítorí náà a ò gbọdọ̀ sinmi ẹ̀kọ́. Kí a tó tú ká, ẹ jẹ́ ká bi ara wa o: tíṣà wa wo ló ṣì wà láyé tí a ò tíì lọ kí?