Síkírù Àyìndé Barrister: Láti Ìdí Ajísààrì Dé Òkè Òkun

Bí Ramadan bá ti wọlé ní Ṣómólú àti Bàrígà lóde òní, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí àti aago inú fóònù ló ń jí ọ̀pọ̀ wa fún sààrì. Àwọn bàbá wa kò ní fóònù. Àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń lu ìlù tí wọ́n sì ń kọrin kiri lóru ló ń jí wọn. Wéré là ń pe orin náà, ajísààrì sì ni àwọn mìíràn ń pè é. Láàárín àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Àlàájì Síkírù Àyìndé, tí ayé mọ̀ sí Barrister, ti jáde.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1948 ni wọ́n bí i, sínú ìdílé Sàláwù Balógun, ará Ìbàdàn. Alápatà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ṣòwò. Muṣin, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí, ló ti ka ìwé. Nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wéré.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé lásán ni o. Ìdíje gidi wà nídìí wéré: ẹgbẹ́ àdúgbò kan á dojú kọ èkejì, àwọn èèyàn á péjọ, wọ́n á gbọ́ ohùn, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹni tó bá mókè á gba ẹ̀bùn. Ọmọ tí kò lóhùn kò lè fara pamọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán Síkírù wò, ibẹ̀ náà ló sì ti gbà ẹ̀bùn. Ẹni tó bá gbọ́ bó ṣe ń fa ohùn nígbà tó dàgbà yóò mọ̀ pé ilé kéwú wà nínú orin náà.

Orin nìkan kò bọ́ ọ. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ tapuráítà ní Yaba, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ kò rí owó iléèwé san mọ́. Ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ọtí Nigerian Breweries. A kò ní fi ìyẹn pamọ́ nítorí pé Mùsùlùmí ni wá; oúnjẹ òòjọ́ ló ń wá. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé dé, ó sì wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé nínú Divíṣọ̀n Kejì. Ó dé Awka, ó dé Onitsha, ó dé Abagana níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Divíṣọ̀n náà ti ṣègbé ní 1968. Ọlọ́run ló ní kó padà wálé.

Nígbà tó dé, wọ́n fi í sí Àpápá, lẹ́yìn náà Òṣódì. Owó oṣù ìjọba ń wọlé, orin sì ń pè é. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kà wá, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ta ni nínú wa ni yóò gbà kí ọmọ òun fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí ìlù? Ó fi í sílẹ̀. Ó kó èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n jọ, ó pè wọ́n ní Supreme Fuji Commanders. Orúkọ Fuji yìí, ara àwòrán òkè ńlá kan ní Jàpáánì, tó rí ní pápákọ̀ òfurufú, ló ti mú un.

Àwọn aáfà kan kò fara mọ́ ọn rárá pé orin tó ń jí èèyàn fún ààwẹ̀ di orin òde àríyá. A kò lè sọ pé wọn kò ní ìdí. Àmọ́ a tún rántí pé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ wà nínú ilé ọ̀pọ̀ Àlàájì tó ń bá ọmọ wọn wí nítorí fújì.

Ó gbé Ìwà jáde ní 1982, Fuji Garbage sì dé ní 1988, pẹ̀lú pianó ìgbàlódé láàárín ìlù. Lẹ́yìn ìyẹn ó lọ ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù. Wasiu Àyìndé, tó ti ń bá a gbé ẹrù ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀, gba orúkọ Barrister lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù náà ló kú sí, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2010, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Èkó, wọ́n sì sin ín sí ilé rẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Kí Ọlọ́run forí jì í.