Carter Stanley, Olórin Àwọn Tí Ó Fi Ilé Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, àwa tí a ń gbé ìdálẹ̀ mọ bí ọkàn ti í rí nígbà tí ènìyàn bá gbọ́ orin ilé lójú ọ̀nà àjò. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ó fi irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù August, ọdún 1925, ni a bí Carter Stanley ní Dickenson County, láàrin àwọn òkè Virginia. Iṣẹ́ ìlagi ni Lee, bàbá rẹ̀, ń ṣe. Lucy, ìyá rẹ̀, sì mọ bánjò ta dáadáa. Ní ọdún 1927 ni wọ́n bí Ralph, àbúrò rẹ̀. Nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi àtijọ́ tí ilé wọn ń lọ, a kì í lo ohun èlò orin rárá: ẹnì kan a pe ìlà orin, gbogbo ìjọ a sì gbà á. Ohùn ibẹ̀ kò kúrò ní etí àwọn ọmọ náà mọ́.

Nígbà tí ogun parí, tí àwọn méjèèjì sì ti iṣẹ́ ológun dé, wọ́n dá ẹgbẹ́ Clinch Mountain Boys sílẹ̀ ní ọdún 1946. Carter ń ta gìtá, ó sì ń lé orin. Ralph ń ta bánjò, ó sì ń fi ohùn tẹ́nọ̀ gbè é. Onítìjú ni Ralph. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni ó ń bá àwùjọ sọ̀rọ̀, òun ni ó sì ń darí ẹgbẹ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ń kọrin ní ọ̀sán lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì WCYB ní ìlú Bristol. Ní alẹ́ wọn a wakọ̀ lọ kọrin ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ abúlé.

Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ará òkè wọ̀nyí ń fi oko àti ibi ìwa-èédú sílẹ̀, wọ́n ń lọ wá iṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ohio àti Michigan. Àwọn ni orin Carter bá wí. Ní ọdún 1949 wọ́n gba The White Dove àti The Fields Have Turned Brown sílẹ̀ fún Columbia: orin nípa òbí tí ó ti kú, àti nípa ọmọ tí ó pẹ́ lẹ́yìn odi. Bàbá àti ìyá Carter ṣì wà láàyè nígbà náà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ń ba ọmọ àjò lẹ́rù.

Ọ̀nà kò tẹ́jú fún un. Bill Monroe, àgbà nínú irú orin yìí, bínú pé wọ́n ń fara wé òun; tìtorí wọn ni ó fi kúrò ní Columbia. Síbẹ̀ ìjà náà tán: ní ọdún 1951 Carter bá a ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Nígbà tí orin rock and roll gba ìgboro, owó wọn dín kù, wọ́n sì kó lọ sí Florida ní ọdún 1958.

A kò ní fi òótọ́ pamọ́: Carter mu ọtí lámujù, ọtí náà sì ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ní oṣù March ọdún 1966 ó rin ìrìn-àjò orin lọ sí Yúróòpù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù December ọdún kan náà ó kú ní Bristol, ní ẹni ọdún 41. Monroe tí ó ti bínú sí i rí ni ó kọrin níbi ìsìnkú rẹ̀.

Ralph onítìjú ni ó wá dìde láti darí ẹgbẹ́, ó sì ń bá a lọ fún nǹkan bí 50 ọdún. Ọdún 2016 ni ó kú. Ní ọdún 2000, fíìmù kan, O Brother, Where Art Thou?, tún mú ohùn Carter àti Ralph wá sí etí àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí Carter kú.

Ẹ̀yin ará, orin rẹ̀ ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ tí kò bẹ ilé wò nínú wa, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ jù.