Abdus Salam, Ọmọ Jhang Tó Wá Ìdí Ìwúwo

Ọdún 1926 ni a bí Abdus Salam ní Punjab, tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Jhang ló dàgbà sí. Ní ọmọ ọdún 14, ó gba máàkì tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí nínú ìdánwò Yunifásítì Punjab. Bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ wọ̀lú, gbogbo ará Jhang tú jáde pàdé rẹ̀. Ó kàwé ní Cambridge, ó padà wá ṣe olùkọ́ ní Lahore ní 1951, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí wọn ìbá jọ máa ṣe ìwádìí. Ní 1954 ó tún kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìbéèrè kan gbà á lọ́kàn: kí ló ń fún àwọn ohun tó kéré jù lọ ní ìwúwo? Ẹ má rò ó bí òṣùwọ̀n ọjà o. Ìwúwo níhìn-ín ni bí nǹkan ṣe ṣòro tó láti tì kúrò lójú kan. Ìmọ́lẹ̀ kò ní in rárá; nítorí náà ni kò sí ohun tó ń sáré jù ú lọ. Agbára mìíràn wà nínú átọ́ọ̀mù tí ọwọ́ rẹ̀ kì í nà jìnnà, tí oòrùn kò sì lè jó láìsí i. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, W àti Z, wúwo gidigidi. Síbẹ̀ Salam ní ọmọ ìyá kan náà ni agbára yìí àti agbára iná mànàmáná. Ta ni yóò gbà á gbọ́?

Láàárín 1967 sí 1968, òun àti Weinberg, kálukú láyè tirẹ̀, lo èrò tí Higgs àti àwọn mìíràn gbé jáde ní 1964: ohun kan kún gbogbo àyè, W àti Z ń fara kàn án, wọ́n sì ti ibẹ̀ gba ìwúwo, ìmọ́lẹ̀ ń kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Wọ́n rí W àti Z ní CERN ní 1983. Z fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po 100 proton. Àmì ohun tó kún àyè náà fojú hàn ní 2012, Salam ti kú.

Ní 1964 ó dá ilé ìwádìí Trieste sílẹ̀, kí onímọ̀ láti ilẹ̀ tálákà má bàa dá wà bí òun ṣe dá wà ní Lahore. Ọmọ Nàìjíríà ti lọ síbẹ̀.

Ní 1974, Pakistan sọ ọ́ dòfin pé àwọn Ahmadiyya kì í ṣe Mùsùlùmí. Ọ̀kan lára wọn ni Salam. (Àríyànjiyàn yẹn pọ̀ láàárín wa, ojú ewé yìí kọ́ ni yóò parí rẹ̀.) Ó fi ipò olùdámọ̀ràn ìjọba sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Pakistan ló kú sí. Nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979 pẹ̀lú Weinberg àti Glashow, ó ka Suuratul-Mulk níbi àsè náà.

Ó kú ní Oxford ní 1996, wọ́n sin ín sí Rabwah. Òkúta sàréè rẹ̀ pè é ní Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó gba Nobel nípa físíìsì. Wọ́n pa “Mùsùlùmí” rẹ́. Èyí tó kù wá ń sọ pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbà á, bẹ́ẹ̀ 1901 ni wọ́n ti ń fúnni.