Theodore Roosevelt: Ààrẹ tó fẹ́ràn igbó, tó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má bẹ̀rù

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé kò ní ṣàì rí ọmọláńgidi onírun múlọ́múlọ́ tí wọ́n ń pè ní Teddy. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń rà á fún ọmọ wọn láìmọ̀ pé ìnagijẹ Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Theodore Roosevelt ni Ààrẹ náà. Bí ọkùnrin yìí kò bá sí nídìí iṣẹ́ ìjọba, inú igbó ni yóò wà. Bí kò bá sì sí nínú igbó, àárín àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹ ó ti bá a.

Ọjọ́ 27, oṣù kẹwàá, ọdún 1858 ni wọ́n bí i ní ìlú New York, sínú ilé olówó. Ṣùgbọ́n owó kò lè ra èémí fún un. Ikọ́ fée bá a jà láti kékeré débi pé ìjókòó ló fi ń sun ọ̀pọ̀ òru. Bàbá rẹ̀ á gbé e sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, á máa wà á kiri ìgboro lóru kí atẹ́gùn lè ráyè wọ inú ọmọ náà. Bàbá yìí kan náà ló là á yé e pé ọpọlọ rẹ̀ pé, àmọ́ ara kò gbé e, àti pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi iṣẹ́ kọ́ ara náà. Ọmọ gbọ́ràn. Ó ń gbé irin, ó ń kan ẹ̀ṣẹ́, ó ń gun òkè, ó sì ń kó ẹyẹ, eku àti kòkòrò jọ sínú yàrá rẹ̀.

Ọdún 1884 ló rí ohun tí ojú ò gbọdọ̀ rí. Ó ti di aṣòfin nígbà náà, ẹni ọdún 25 ni. Ìyàwó rẹ̀, Alice, bí ọmọbìnrin ní ọjọ́ 12, oṣù kejì. Nígbà tó di ọjọ́ 14, ibà jẹ̀funjẹ̀fun pa ìyá rẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, àrùn kíndìnrín pa ìyàwó rẹ̀. Ilé kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Roosevelt gbé ọmọ tuntun náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó kọrí sí aginjù Dakota níbi tó ti ń da màlúù, tó ń sùn síta, tó ń gẹṣin láti àárọ̀ títí di alẹ́. Òtútù ọdún 1886 sí 1887 pa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran náà, owó rẹ̀ sì wọlẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ lara rẹ̀ ti le. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 1913, kò dárúkọ Alice ìyàwó rẹ̀ rárá. Lójú àwa tí a máa ń ki òkú wa, tí a máa ń dárúkọ wọn mọ́ ọmọ, èyí lè dà bí àìnífẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ mìíràn wà tí ẹni tó ni ín kì í fẹ́ kí ọwọ́ kàn.

Ní ìparí 1886, ó fẹ́ Edith Carow, ẹni tí wọ́n ti jọ ń ṣeré láti kékeré. Edith bí ọmọ márùn-ún fún un: Theodore, Kermit, Ethel, Archibald àti Quentin. Òun náà ló ní kí wọ́n mú Alice kékeré padà wálé, kí ọmọ máa bá bàbá rẹ̀ gbé.

Sagamore Hill ni wọ́n ń pe ilé wọn ní Oyster Bay. Níbẹ̀, Roosevelt á yan ibi kan lọ́ọ̀ọ́kán, á ṣáájú, àwọn ọmọ á tò tẹ̀ lé e. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bí wọ́n bá kan àpáta, kí wọ́n gùn ún, bí wọ́n bá kan igi tó wó, kí wọ́n gba abẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá kan omi, kí wọ́n là á kọjá. Kò sí yíyà fún ohunkóhun. Nígbà tó di Ààrẹ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1901, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa McKinley, àwọn ọmọ náà kó gbogbo ẹran ọ̀sìn wọn wọ White House. Àìsàn dá Archibald dùbúlẹ̀ nígbà kan, ni Quentin bá fi lífítì gbé ẹṣin kékeré ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sókè, kí ẹṣin lọ kí olówó rẹ̀!

Ọdẹ pọ́ńbélé ni Roosevelt. Ní 1902, ó lọ ṣọdẹ béárì, ẹranko ńlá onírun, ní Mississippi. Holt Collier, ọ̀gbójú ọdẹ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sóko ẹrú, ló ṣe amọ̀nà wọn. Collier mú béárì kan, ó so ó mọ́ igi, ó ní kí Ààrẹ wá yìn ín níbọn. Roosevelt kọ̀, ó ní ìyẹn kì í ṣe ọdẹ. Ó kàn ní kí wọ́n fòpin sí ìrora ẹran náà torí ó ti fara pa. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, ni àwọn oníṣòwò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rán béárì aláṣọ tà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àánú ẹran ló pọ̀ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn tó kúrò lórí oyè, òun àti Kermit pa ẹran 512 ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láàárín 1909 sí 1910, tí wọ́n ní ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ọdẹ yìí kan náà ló fi òfin dáàbò bo nǹkan bíi mílíọ̀nù 230 éékà ilẹ̀ nígbà tó jẹ́ Ààrẹ, ìyẹn tó gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Igbó ọba 150, ibi ààbò ẹyẹ 51 àti ọgbà ìtura ńlá márùn-ún wà lára rẹ̀. Àwọn onígẹdú bínú sí i. Àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn Íńdíà Amẹ́ríkà, ní ẹjọ́ tó ju tiwọn lọ, torí ara ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti gé nínú igbó náà. Ẹni tí fọ́rẹ́ẹ̀sì bá ti lé kúrò nínú oko bàbá rẹ̀ rí yóò mọ bó ṣe ń dunni.

Nígbà tó ìdìbò 1912 fìdí rẹ̀ rẹmi, ó gbéra lọ sí Bràsíìlì láti tọ odò kan tí wọn kò tíì mọ ibi tó ń ṣàn dé. Kermit ń múra ìgbéyàwó lọ́wọ́, àmọ́ ó sún un síwájú torí kí bàbá rẹ̀ má dá nìkan lọ. Ní 1914, níbi tí Roosevelt ti ń du ọkọ̀ tó há sínú omi líle, àpáta ya ẹsẹ̀ rẹ̀. Egbò náà wú, ibà dì í mọ́lẹ̀, oúnjẹ ń tán lọ. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ sínú igbó kí àwọn yòókù lè là. Kermit kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ tó kọ́ pé kò sí yíyà fún ohunkóhun kò yà fún àìsàn bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n gbé e jáde láàyè, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ odò náà.

Ẹ̀kọ́ kan náà ló gba Quentin lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé kìn-ín-ní ní 1917, Roosevelt fẹ́ lọ jà, wọn kò gbà fún un. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, ó sì ń fi wọ́n yangàn. Ọkọ̀ òfurufú ni Quentin ń wà. Ọjọ́ 14, oṣù keje, ọdún 1918 ni àwọn Jámánì yìnbọn já a bọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni ogún ọdún ni. Bàbá rẹ̀ gba ìròyìn náà bí ọkùnrin lójú àwọn oníròyìn, ṣùgbọ́n kò pé oṣù mẹ́fà tó fi kú lójú oorun ní Sagamore Hill, ọjọ́ 6, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1919. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni.

Òun àti Edith ti ní kí wọ́n fi òkú Quentin sílẹ̀ níbi tó ṣubú sí. Ibẹ̀ ló wà títí di 1955, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Normandy, tí wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Theodore, tó kú sójú ogun kejì ní 1944.