Herbert Frood, Ọkùnrin Tó Kọ́ Ọkọ̀ ní Dídúró

Ní ìsinmi tó kọjá, bọ̀dá mi pààrọ̀ páàdì bíréèkì mọ́tò wọn nílé wa ní Àjùwọ̀n. Tòkúnbọ̀ ni mọ́tò náà, ojú títì ni wọ́n ń wà á lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn eré sísá. Ẹni tó ta páàdì ọ̀hún fún wọn ní irú èyí tí àwọn tó ń fi mọ́tò díje ń lò ni, pé kò sí bíréèkì tó mú tó bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A ò tíì jìnnà sílé tí ọlọ́kadà kan fi já sójú ọ̀nà. Bọ̀dá mi tẹ bíréèkì, mọ́tò ń lọ. Wọ́n fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ kó tó dúró, díẹ̀ báyìí ló sì kù kí a gbá ọlọ́kadà náà. Nígbà tí a fi máa dé Akute, tí bíréèkì ti gbóná, ó ti ń mú ṣinṣin bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Báwo ni bíréèkì tí wọ́n rà lówó gọbọi ṣe máa kọ̀ láti mú ládùúgbò wa? Ibi tí mo ti ń wá ìdáhùn ni mo ti pàdé Herbert Frood. Iṣẹ́ bíréèkì ló ṣe láyé, ṣùgbọ́n àwa ọmọ Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè náà ní ìpín nínú ìtàn rẹ̀, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú.

Ọdún 1864 ni wọ́n bí Frood. Agbègbè Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Òkè pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Èkìtì. Láyé ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni àwọn àgbẹ̀ fi ń kó ẹrù. Gígun òkè le, ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ ló ń pànìyàn, nítorí pé ẹrù á máa ti kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ á sì máa ti ẹṣin. Igi tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni bíréèkì wọn. Igi náà máa ń yọ̀ lára irin, tó bá sì gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Frood ṣàkíyèsí pé àwọn awakẹ̀kẹ́ ń fi bàtà àlòkù sáàárín igi àti irin, pé awọ bàtà sì ń di irin mú ju igi lọ. Ẹlòmíràn á fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Frood ní tirẹ̀ rí i pé àwọn èèyàn yìí ti rí ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò tíì rí.

Kì í ṣe àwọn nìkan ló rí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz, aya Karl Benz tó ṣe mọ́tò ní Jámánì, kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì sínú mọ́tò, ó sì wà á láti Mannheim lọ sí Pforzheim, ìrìn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Bíréèkì onígi náà jẹ tán lọ́nà. Ó wá ẹni tó ń ṣe bàtà kàn, ó ní kó kan awọ mọ́ ọn, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Àwọn awakẹ̀kẹ́ Derbyshire kò mọ̀ ọ́n, òun náà kò mọ̀ wọ́n, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ awọ bàtà ni gbogbo wọn gbà.

Ní 1897, Frood bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní abúlé Combs, nítòsí ìlú Chapel-en-le-Frith. Dípò bàtà àlòkù, ó ń wá ohun kan tí yóò máa di irin mú bákan náà lónìí àti lọ́la, tí kò ní tètè jẹ tán. Aṣọ tó nípọn tí wọ́n rẹ sínú oje tó máa ń gan ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1902, iṣẹ́ ti pọ̀, ó sì kó o lọ sí Chapel-en-le-Frith fúnra rẹ̀.

Ìgbà yẹn náà ni mọ́tò ń pọ̀ sí i, ìṣòro mìíràn sì dé. Ohun tí bíréèkì ń ṣe ni pé ó ń sọ eré mọ́tò di ooru. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru tí bíréèkì máa gbà á di ìlọ́po mẹ́rin. Aṣọ òwú tó tó fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kò tó fún mọ́tò, nítorí ó ń jó. Ní 1908, Frood rí ohun tí iná kì í mú: asbestos, òkúta tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, tó ní fọ́nrán tí èèyàn lè hun bí òwú. Asbestos yìí ló hun ṣe bíréèkì, iṣẹ́ rẹ̀ sì tàn kálẹ̀.

Ibi tí tiwa ti wọ̀ ọ́ nìyí. Nígbà tí Frood ń wá orúkọ fún ọjà rẹ̀, ó kó lẹ́tà márùn-ún inú orúkọ ara rẹ̀, ó fi E tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, kún un, ó sì tún wọn tò: Ferodo. Nígbà tó yá, orúkọ náà kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Lédè Ítálì, ferodo ti di ọ̀rọ̀ orúkọ lásán fún ohun tó ń di irin mú nínú bíréèkì, ilé-iṣẹ́ yòówù tí ì báà ṣe é. Ẹ̀yin tó ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo, tẹ́ ẹ ń pe gbogbo núdùsù ní Indomie, ẹ mọ ọ̀nà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà rìn. Ìyàwó Frood wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì Ítálì títí dòní, wọn ò sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kan tó korò. Asbestos tí kì í jóná ní eruku tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ní 1924, dókítà William Cooke kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa obìnrin kan tó ṣiṣẹ́ asbestos ní Rochdale, tí eruku náà pa. Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Frood di ara Turner & Newall, ilé-iṣẹ́ asbestos ńlá. Ní 1931, Frood kú. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ lórí eruku asbestos nínú ilé-iṣẹ́. Ó di 1999 kí wọ́n tó fòfin de gbogbo rẹ̀ pátápátá níbẹ̀. Ohun tó dá ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sí lójú títì gba ẹ̀mí àwọn tó ń ṣe é. A kò lè sọ ìdajì ìtàn yìí ká fi ìdajì sílẹ̀.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ bọ̀dá mi. Páàdì wọn kì í ṣe Ferodo, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Frood ló tú u fún mi. Ibi tí ọkọ̀ ń rìn ni Frood wò kó tó wá ohun tí yóò dá a dúró: kẹ̀kẹ́ gba aṣọ, mọ́tò gba asbestos. Páàdì ìdíje ni wọ́n ṣe fún ooru gbígbóná janjan, tí awakọ̀ ń tẹ bíréèkì léraléra lórí eré àsápajúdé. Tó bá tutù, kì í mú dáadáa. Ó tún máa ń han, ó sì ń jẹ dísìkì. Lójú ọ̀nà Àjùwọ̀n, níbi tí kòtò àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kì í jẹ́ kí mọ́tò sáré, ó lè má gbóná débi tó yẹ láé.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ páàdì tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà méjì máa ń wà lára ọ̀pọ̀ wọn, bíi EE, FF tàbí GG. Ti àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú nínú ooru ìrìn ojoojúmọ́, ti ìkejì ń sọ bó ṣe ń mú tó bá gbóná gan-an. F mú ju E lọ, G mú ju F lọ. Tí lẹ́tà kejì bá rẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, bíréèkì yẹn lè já ẹni tó ń sáré gba Mówè àti Ìbàfò kulẹ̀ nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ṣùgbọ́n lẹ́tà méjèèjì kò sọ nǹkan kan nípa ìtẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀. Fún ìyẹn, ka ìwọ̀n ooru tí ẹni tó ṣe é kọ sí i: ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó ṣì tutù. Orúkọ tó lókìkí nìkan kò tó, torí ilé-iṣẹ́ kan náà lè máa ṣe ti ojú títì àti ti ìdíje. Ferodo gan-an ń ṣe méjèèjì. Pààrọ̀ ti ọ̀tún àti òsì pọ̀. Má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, nítorí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú èyí tí ẹ ń yọ. Omi ni kó fi rin ín, kó fi àkísà nù ún.

Bọ̀dá mi ti yọ páàdì ọ̀hún. Èyí tí wọ́n fi sí i báyìí kò ní ariwo, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́kadà mìíràn tún já sójú ọ̀nà láàárọ̀. Mọ́tò dúró. Ọlọ́kadà náà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.